Mítà tó ń wọn ohùn ní ariwo ò pọ̀, fèrèsé wa ń gbọ̀n: kí ni ká béèrè lọ́wọ́ ọgbà àríyá?

Akọ̀wé_Àdúgbò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin onímọ̀. Ọgbà àríyá kan wà lẹ́yìn òpópónà wa ní Èkó. Kò ní òrùlé, kánópì lásán ni wọ́n ta síbẹ̀. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni báǹdì ń ṣeré níbẹ̀, láti aago méje títí di aago méjì òru. Láti orí ìtàgé sí ilé tó sún mọ́ ọn jù, nǹkan bí 120 mítà ni.

Ẹgbẹ́ onílé kọ̀wé sí ọ̀gá ọgbà náà. Ó gbé fóònù sókè lẹ́nu géètì, ó ka 58 dẹ́síbẹ́lì (òṣùwọ̀n ariwo), ó ní 55 ni ìjọba gbà, 3 péré lòun fi kọjá. Bẹ́ẹ̀ nínú yàrá, gíláàsì lúfà ń gbọ̀n jìgìjìgì, ọmọdé ò lè sùn. Ṣé mítà lè sọ òótọ́ kí fèrèsé sì máa gbọ̀n báyìí? Kí sì ni ká béèrè ní pàtó, yàtọ̀ sí "ẹ dín ariwo kù"? Àwọn kan ní kí wọ́n gbé odi wọn ga sí i, àwọn kan ní ká gba ọ̀dọ̀ LASEPA, àjọ tó ń mójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, lọ lọ́la.

Olùwọn_Ohùn

Akọ̀wé, ẹ kú àìsùn. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́. Fóònù àti ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú, ìwọ̀n A, tó ń fojú fo ohùn ìsàlẹ̀ bí etí ṣe ń ṣe, ni wọ́n ń lò bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Ìwọ̀n A máa ń yọ nǹkan bí 26 dẹ́síbẹ́lì kúrò lára ohùn tó bá wà ní 63 Hz (ìgbọ̀n 63 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ibẹ̀ sì ni ìlù ẹlẹ́sẹ̀ àti gìtá béèsì ń gbé. Bó bá jẹ́ béèsì nìkan ló dé ọ̀dọ̀ yín, tó dé ní 84, 58 ni mítà máa kọ. Ìwọ̀n C kì í yọ tó 1 níbẹ̀. Nítorí náà, C ni kí ẹ béèrè fún, kí ẹ sì kọ A sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí C bá fi 20 ju A lọ, béèsì ni ọ̀tá yín, kì í ṣe akọrin.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ má dúró lẹ́nu géètì ẹnikẹ́ni. Ìta fèrèsé yàrá tí wọ́n ń sùn ni kí ẹ gbé mítà sí, kó ga tó 1.2 sí 1.5 mítà sílẹ̀, kó sì jìnnà sí ògiri tó 3.5 mítà bí àyè bá wà. Bó bá jẹ́ 1 mítà péré ló fi jìnnà, ògiri á dá ohùn padà, á fi nǹkan bí 3 kún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi fóòmù bo ẹnu máíkì rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ nìkan lè sọ C di irọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ mú Leq, ìyẹn ìpíndọ́gba agbára ohùn fún gbogbo ìṣẹ́jú 15 náà. Nọ́ńbà tó ga jù nígbà tí wọ́n lu ìlù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní ran yín lọ́wọ́, ẹ̀yin ni wọ́n á fi bú.

Tí báǹdì bá sinmi, ẹ má pa mítà. Ẹ wọn àdúgbò fúnra rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé yín bá ti ń fún yín ní 52, ẹ ò lè ní báǹdì ló mú 52 wá. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé nìyẹn, òun náà sì ni ọ̀gá ọgbà máa kọ́kọ́ fi dáhùn.

Ní ti fóònù: lórí iPhone, áàpù NIOSH SLM kì í gba kọ́bọ̀, ó sì ní A àti C. Ti Android, máíkì wọn ò dọ́gba, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gé ohùn ìsàlẹ̀ dànù kó tó dé inú áàpù. Ẹ fi fóònù mọ bí nǹkan ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e wá sórí tábìlì bí ẹ̀rí. Mítà Class 2, irú tó bá ìlànà àgbáyé mu, ni ẹ̀rí.

Odi? Ẹ má náwó yín. Ìgbì 63 Hz gùn tó 5.5 mítà, odi tó ga ní 2.4 mítà ò dá a dúró, orí rẹ̀ ló máa gbà kọjá. Odi máa dín ohùn akọrin àti sáńbà kù, béèsì á wá dá kù, àwọn ará ilé á sì ní ó tún burú sí i. Táapólì àti igi òdòdó ò ṣe nǹkan kan rárá.

Amòfin_Mainland

Ẹ jẹ́ ká tún ìṣirò ọ̀gá ọgbà ṣe. Ní àdúgbò ilé gbígbé, 55 tí LASEPA ń sọ, ti ọ̀sán ni. Alẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́fà àárọ̀, 45 ni wọ́n gbà nígbà náà. Kì í ṣe 3 ló fi kọjá, 13 ni, pẹ̀lú ìwọ̀n A tó ṣojú rere sí i yẹn. Òfin ariwo ti NESREA (àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí àyíká) ọdún 2009 tún le jù: 50 lọ́sàn-án àti 35 lóru fún ilé gbígbé, 55 àti 45 fún ibi tí ilé àti òwò ti dà pọ̀. Torí náà, kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ mọ irú àdúgbò tí tiyín jẹ́. Òun ló máa kọ́kọ́ sọ pé ilé ìtajà pọ̀ níbẹ̀.

LASEPA ní àṣẹ láti ti ibẹ̀ pa, wọ́n sì máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: wọ́n tì í, ó sanwó ìtanràn, wọ́n ṣí i, súbù (sípíkà béèsì) kan náà tún padà sí ojú kan náà. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gba Citizens' Mediation Centre lọ. Lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn ló máa kọ̀wé pe ẹnìkejì, ohun tí ẹ bá jọ fẹnu kò sí ni wọ́n máa kọ sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á fọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀ tí kò wá, tàbí tó wá tí kò mú àdéhùn ṣẹ, ìwé yẹn ni ẹ máa so mọ́ ẹ̀sùn yín sí LASEPA.

Nínú àdéhùn, ẹ má kọ "ariwo tó mọ níwọ̀n". Ẹ kọ ibi tí ẹ ó ti máa wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà A, nọ́ńbà C, aago tí súbù máa kú, iye ìgbà lóṣù, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó dúró ti míkísà (ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀). Kì í ṣe nọ́ńbà ọ̀gá tó ti sùn o. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ni.

Ọ̀rọ̀ kan tó máa dun àwọn kan: bí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan bá wà ní òpópónà yín tó gbé sípíkà sí ìta, tí lẹ́tà yín ò sì dárúkọ rẹ̀, agbẹjọ́rò ọgbà náà máa bá yín dárúkọ rẹ̀. Ẹ tún ilé ṣe kí ẹ tó jáde.

Alámòójútó_Báǹdì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí pé ẹni tó san owó tábìlì fẹ́ gbọ́ ìlù. Bí ẹ bá ní kí olórin máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọgbà á kú, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ohun tí Olùwọn_Ohùn sọ nípa béèsì jóòótọ́, a sì lè tún un ṣe láì ba eré jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọgbà ni ò ṣe é torí pé ẹni tó ń gbé sípíkà wá, kíkó jọ ló mọ̀.

Súbù lásán kì í dojú kọ ibì kan. Béèsì ń jáde yí ká, iwájú àti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Torí náà, bí ẹ bá ní kí ìtàgé kẹ̀yìn sí ilé yín, ohùn akọrin á dín kù, béèsì ò ní gbọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí súbù kan pa ti ẹ̀yìn. Ẹ gbé ọ̀kan síwájú, èkejì sí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, kí méjèèjì kọjú sí èrò. Kí àlàfo láti ojú ọ̀kan sí ojú èkejì jẹ́ 1.45 mítà. Nínú ẹ̀rọ tó ń pín ohùn, ẹ fi 4.2 mìlísẹ́kọ́ńdù dá ti ẹ̀yìn dúró, kí ẹ sì yí póláríìtì rẹ̀ padà (kó máa fà nígbà tó yẹ kó tì). Lẹ́yìn ìtàgé, ohùn méjèèjì á débẹ̀ pa pọ̀, ọ̀kan ń tì, èkejì ń fà, wọ́n á pa ara wọn. Níwájú, ní agbègbè 60 Hz, wọ́n á gbé ara wọn ró. Bó bá bọ́ sí i, béèsì ẹ̀yìn lè fi 10 sí 15 dẹ́síbẹ́lì lọ sílẹ̀, èrò iwájú ò ní pàdánù nǹkan kan.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: súbù méjì tí kì í ṣe irú kan náà, ògiri tó sún mọ́ súbù ẹ̀yìn jù, tó ń dá ohùn padà, ẹni tó rí i pé ti ẹ̀yìn "ò ké" tó sì yí i sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n fi ìdádúró sí ti iwájú dípò ti ẹ̀yìn. Èrò iwájú ò ní gbọ́ béèsì, gbogbo rẹ̀ á dà sórí ilé yín. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi ohùn 60 Hz kan sí i, ẹ dúró ní 10 mítà sí ẹ̀yìn ìtàgé, kí ẹnìkan pa súbù ẹ̀yìn. Bí ariwo bá pọ̀ sí i nígbà tí wọ́n pa á, ó ti tọ́.

Ó tún ku ohun tó ń wọ inú súbù. Báǹdì fújì tàbí jùjú lè ṣí máíkì tó ju mẹ́wàá lọ, ti gángan, ti sákárà, ti agogo, ti àwọn ẹlẹ́gbè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ tí kò wúlò wọlé. Ìlù ẹlẹ́sẹ̀, gìtá béèsì àti kíbọ́ọ̀dù nìkan ni kó lọ sí súbù, láti ojú aux (ọ̀nà àbájáde ọ̀tọ̀ lára míkísà). Àwọn yòókù, ẹ gé wọn láti 100 sí 120 Hz sílẹ̀. Orin á mọ́ sí i pẹ̀lú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti sípíkà iwájú. Wọ́n ń pariwo kí ẹni tó jókòó ní ìpẹ̀kun lè gbọ́. Ẹ gbé kékeré mẹ́rin onínṣì 12 sáàárín kánópì, kí èyí tó wà ní 15 mítà sí ìtàgé dúró fún 43 mìlísẹ́kọ́ńdù, kí ohùn rẹ̀ má bàa ṣíwájú ti ìtàgé. Ti ńlá iwájú á lè lọ sílẹ̀ dáadáa.

Olùwọn_Ohùn

Alámòójútó, ẹ ṣeun, èyí gan-an ló yẹ kí ọ̀gá ọgbà kà. Mo fẹ́ fi ìṣirò kan kún un fún Akọ̀wé. Ní gbangba, bí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ohùn ń fi 6 lọ sílẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ 95 ní 15 mítà, 77 ló máa jẹ́ ní 120 mítà. Torí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé àwọn ti fi 3 dín in kù, agbára ẹ̀rọ ti di ìdajì lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀. 10 ló ń jẹ́ kí etí gbọ́ ọ bí ìdajì. Ẹ dúpẹ́ lórí 3 náà, kí ẹ sì tún béèrè.

Ilẹ̀ tún ń tutù lóru ju afẹ́fẹ́ òkè lọ, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́, ohùn á tẹ̀ padà sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé tó wà ní 400 mítà fi lè ráhùn lọ́sẹ̀ yìí, kó sì dákẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan míkísà. Ẹ má pe ara yín ní òpùrọ́ lórí ìyẹn.

Nínú yàrá fúnra rẹ̀: yàrá tó gùn ní 3.6 mítà ń gbé ohùn bí 48 Hz ró. Ẹ̀bá ògiri méjèèjì tó wà ní ìpẹ̀kun gígùn rẹ̀ ló ti ń pọ̀ jù, àárín ló ti ń kéré jù. Ẹ̀bá ògiri yẹn náà sì ni gbogbo ènìyàn ń gbé orí bẹ́ẹ̀dì sí. Ẹ sún un kúrò lẹ́bàá ògiri. Gíláàsì lúfà tó ń gbọ̀n, ẹ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ìdè irin tó dì í mú; ìró gíláàsì yẹn gan-an ló ń jí ọmọdé.

Ará_Peckham

Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ìlànà tí Noise Council (ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ariwo) gbé jáde ní 1995 ṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí fún eré ìta gbangba. Ó sọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń sọ: fún ilé tó jìnnà ju kìlómítà méjì lọ, 70 ní 63 tàbí 125 Hz ò ní ìyọnu, 80 á dí wọn lọ́wọ́ gan-an. Wọ́n dárúkọ béèsì sọ́tọ̀. Ó gbà kí pápá ìṣeré àárín ìlú dé 75 lójú ilé, fún ìṣẹ́jú 15, ìwọ̀n A. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó so mọ́ ọn: ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́dún. Ọgbà yín ń ṣe ti gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 75 yẹn bá yín sọ̀rọ̀.

Aago ni wọn kì í dúnàádúrà lé lórí. Ní Hyde Park, July 2012, wọ́n pa ohùn mọ́ àwọn olórin Bruce Springsteen àti Paul McCartney lẹ́nu lórí ìtàgé torí pé àkókò ti kọjá.

Akọ̀wé_Àdúgbò

Ọ̀gá ọgbà ti ka ohun tí ẹ kọ, ó ní òun gbà láti ra límítà (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ìwọ̀n), kí òun sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í. Ṣé ó tó? Mítà ńkọ́, ta ló máa rà á?

Alámòójútó_Báǹdì

Kò tó, bó bá jẹ́ pé báǹdì tó ń bọ̀ ń gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá. Límítà inú ọgbà ò ní mọ nǹkan kan nípa súbù mẹ́jọ tí wọ́n fi ọkọ̀ kó dé. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ohùn gbogbo báǹdì gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ ọgbà kọjá. Ojú fèrèsé yín ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ rí nọ́ńbà tó tọ́, kí wọ́n tó padà lọ ti límítà pa síbẹ̀. Tí wọ́n bá gbé súbù kúrò lójú kan, wọ́n á tún un ṣe.

Olùwọn_Ohùn

Ẹ̀yin ni kí ẹ ra mítà, kí wọ́n má bàa sọ pé tiwọn ni ẹ fi wọ̀n ọ́n, tàbí kí ẹ jọ dá owó rẹ̀. Ẹ ra kàlíbrétọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó ń fúnni ní 94 dẹ́síbẹ́lì ní 1 kHz. Ẹ fi í sẹ́nu máíkì kí ẹ tó wọn ohunkóhun, kí ẹ tún fi í sí i lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Bí méjèèjì bá fi ju 0.5 lọ yàtọ̀ síra, ẹ da ìwọ̀n alẹ́ ọjọ́ yẹn nù.