Ibi tọ́rọ̀ ilé àtijọ́ tá a fẹ́ rà ní Suffolk, nílẹ̀ England, já sí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo bèèrè ìmọ̀ràn níbí nípa ilé ẹbí àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe, tá a fẹ́ rà, tí ògiri ẹ̀ ń rin. Grade II ni, ìyẹn ilé àtijọ́ tófin ń dáàbò bò, téèyàn ò gbọ́dọ̀ ṣàdédé yí padà láìgbàṣẹ. A ti rà á!

Ẹni tó ní ká gba RICS Level 3, ìyẹn àyẹ̀wò ilé tó jinlẹ̀ jù, ká má gbára lé àyẹ̀wò tí báǹkì ṣe, ìwọ lo gbà wá. Bàbá tó wá yẹ ilé wò fọwọ́ gbá ògiri kíṣìnì báyìí, sìmẹ́ńtì ṣí kúrò, amọ̀ abẹ́ ẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Igi àti amọ̀ ni wọ́n fi kọ́lé yẹn, lime (ẹfun òkúta tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri) ló yẹ kí wọ́n fi rẹ́ ẹ kó lè máa mí, sìmẹ́ńtì ló há omi mọ́nú tígi fi ń jẹrà. Ẹni tó tà á yọwó fún wa torí ẹ̀.

Ti ìnṣọ́ránsì téèyàn ń gbà nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sílé láìgbàṣẹ ò ṣiṣẹ́, torí a ti kọ̀wé sí kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, nípa ẹ̀ ká tó mọ̀ pé ìyẹn máa bà á jẹ́. Ó ku fèrèsé ẹ̀yìn méjì tí wọ́n pààrọ̀ láìgbàṣẹ, ọrùn ẹni tó bá ra ilé ni ẹrù àtitún irú ẹ̀ ṣe sì ń wà, bó ti wù kó pẹ́ tó. A ti bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ, à ń retí èsì. Ẹ ṣé gan-an.