Bí mo ṣe tọ ipasẹ̀ WNBS ní ìlú Ìbàdàn

Àpótí onígi kan ni ó fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ WNBS (Western Nigeria Broadcasting Service), ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́. Nígbà tí a ń palẹ̀ ilé bàbá wa àgbà mọ́ ní Òkè-Àrẹ̀mọ, a bá a lórí àjà, kókó kan ṣoṣo tí ó ṣeé yí ni ó wà lára rẹ̀, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè gbà wá ilé iṣẹ́ rédíò mìíràn. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ni wọ́n rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ṣàlàyé pé rẹdifúṣọ̀n nìyẹn, èyí tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1939, pé wáyà orí òpó ni ó ń gbé ohùn wọ inú ilé, pé oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó rẹ̀, àti pé kókó yẹn kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju kí ó gbé ohùn sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

“Asọ̀rọ̀mágbèsì gan-an nìyẹn. WNBS tó dé lẹ́yìn rẹ̀ dùn jù ú lọ, àmọ́ kò pẹ́ lórúkọ yẹn.”

Ọ̀rọ̀ wọn yìí ni ó gbé mi dé ilé ìkàwé, níbi tí mo ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú eruku ìwé ìròyìn àtijọ́. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé nítorí èsì ni wọ́n ṣe dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1953, Gómìnà Macpherson, olórí ìjọba amúnisìn ní Nàìjíríà, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì ka ẹ̀sùn sí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì lórí rédíò kan náà, wọ́n kọ̀. Nígbà tí òfin ọdún 1954 fún àwọn ẹkùn láǹfààní láti ní ilé iṣẹ́ tiwọn, Ìwọ̀-Oòrùn kò fi í tàfàlà. Tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, rédíò WNBS sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1960. Tẹlifíṣọ̀n yìí ni gbogbo ènìyàn ń fi yangàn títí di òní. Rédíò tí àgbẹ̀ ń gbọ́ lóko kò rí ẹni tò ó mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò gbàgbé oṣù Kẹwàá ọdún 1965. Ọ̀rọ̀ Olóyè S. L. Akíntọ́lá ni wọ́n jókòó dè ní ilé alágbàlá wọn, lẹ́yìn ìbò tí ó dá rúgúdù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn mìíràn ni ó jáde, tí ó ní kí Akíntọ́lá kó ẹrù rẹ̀ kúrò, kò sì pẹ́ tí ohùn náà fi dákẹ́. Wọlé Ṣóyínká ni ìjọba gbé lọ sílé ẹjọ́ pé òun ni ó fi ìbọn pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ WNBS láti pààrọ̀ téèpù. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá.

Ní ọdún 1976, wọ́n pín Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, orúkọ WNBS sì parẹ́. Radio O.Y.O. ni ó jogún rẹ̀, ìyẹn ilé iṣẹ́ tí àwa ń pè ní Ilé Akéde ní Òrita Baṣọ̀run. Mo wá téèpù àtijọ́ kiri títí, n kò rí ẹyọ kan. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan ni ó là mí lóye pé téèpù wọ́n nígbà náà, pé ti àná ni wọ́n ń pa rẹ́ kí wọ́n tó gba ti òní sórí rẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo sì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n rántí ohùn akéde kankan. Wọ́n ní ohùn ìyá àwọn ni àwọn rántí jù, nítorí pé ní àràárọ̀ tí akéde bá ti kí àwọn olùgbọ́, màmá a kúnlẹ̀ níwájú rédíò, wọn a ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́.”