Ìdáhùn: "awò ìfúnpọ̀" kọ́ o

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo ka ohun tí ọ̀gá wa láti Ìbàdàn kọ lánàá, pé kí á máa pe lẹ́ńsì anamorphic, èyí tó ń jẹ́ kí àwòrán sinimá fẹ̀ gan-an, ní "awò ìfúnpọ̀", kí á sì pe kámẹ́rà sinimá tówó ẹ̀ kò pọ̀ ní "kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú". "Awò" tẹ́ mi lọ́rùn. Ó sàn ju lẹ́ńsì tẹ́ ẹ̀ ń pè lọ́hùn-ún lọ, ó sì sàn ju objectif tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. "Ìfúnpọ̀" yẹn ni kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá.

"Pọ̀" ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ohun tí a bá fún pọ̀, ọ̀tún, òsì, òkè, ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣù jọ. Awò tí à ń wí yìí, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ń fún. Gíga àwòrán wà bó ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ ni Henri Chrétien, ará Faransé, ṣe é láàárín 1920 sí 1930, òun náà sì ni ilé-iṣẹ́ sinimá Fox fi gbé CinemaScope, sinimá aláwòrán fífẹ̀ wọn, jáde ní 1953. Bó bá jẹ́ èyí tó ń fún ẹ̀gbẹ́ ní ìlọ́po méjì, gbogbo èèyàn inú àwòrán á rí tẹ́ẹ́rẹ́, àfi tí kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ mìíràn bá nà wọ́n padà. Fáìlì tí a fẹ́ kó má gba àyè ni à ń fún pọ̀. Iṣẹ́ méjèèjì la sì ń ṣe lọ́jọ́ kan náà! Tí mo bá wá ní kí ọmọ iṣẹ́ mi fún àwòrán pọ̀, èwo ni kó ṣe?

Ìyá ìyá mi ní Kétu kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí bùbá bá fẹ̀ jù, wọ́n á ní kí aránṣọ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀fọ́ tètè ni wọ́n máa ń fún pọ̀. Nítorí náà, "awò afúnlẹ́gbẹ̀ẹ́" ni tèmi. Mo fi a- rọ́pò ì- tó bẹ̀rẹ̀ "ìfúnpọ̀", torí awò fúnra rẹ̀ ló ń fún àwòrán.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ju ìgbálẹ̀ lù mí: ṣebí ì- ló wà nínú ìgbálẹ̀ àti ìdérí, tí wọ́n sì jẹ́ ohun èlò? Òótọ́ ni. Àmọ́ ìgbálẹ̀ kì í dá ilẹ̀ gbá. Asẹ́ ló ń sẹ́ ògì, àwa kàn ń da omi sí i ni. Ẹ wo ohun tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀: a- ni, bíi ti afúnlẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀gá ní ó ti pẹ́ táwọn ti ń kọ́ni ní gírámà. A kí wọn. Èmi náà ti de irú awò yìí, Sirui 50mm tó jáde ní 2020, mọ́ kámẹ́rà, mo sì fi ya Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu. Ìlọ́po 1.33 péré ló ń fún ẹ̀gbẹ́, tí àwòrán 16:9, bíi ti tẹlifíṣọ̀n, fi ń fẹ̀ dé nǹkan bíi 2.37 sí 1 (fífẹ̀ sí gíga). Àwọn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ méjì tó ń jó pọ̀ wọlé, onílù wọlé, kò sẹ́ni tí mo gé lápá. Gílóòbù kan tó ń tàn lẹ́yìn wọn na ìlà búlúù já àwòrán láti etí dé etí. Ta ló rí ìyẹn tí yóò pè é ní ìfúnpọ̀?

"Pọ́ọ́kú" ńkọ́? Kámẹ́rà Blackmagic Pocket 4K jáde ní 2018 ní 1,295 dọ́là. Ó lé ní 600,000 sẹ́fà, kò sì tíì ní awò lórí. Pọ́ọ́kú ta ni? Kí á kúkú sọ pé "kámẹ́rà tápá ká", bí apá bá tilẹ̀ ká a.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ní "dígí" ló yẹ, pé tẹ́ ẹ bá rí "awò", oúnjẹ ló ń wá sí yín lọ́kàn. Ṣé àmì ohùn kò sí lójú yín ni? Àwo la fi ń jẹun. Ti pé Ṣábẹ̀ẹ́ ló kọ́ Kétu ní èdè, mi ò tíì dáhùn ìyẹn o, ẹ má rò pé mo gbàgbé.

Kí ọ̀gá kọ́kọ́ dá mi lóhùn lórí "pọ̀".