Èsì DNA ajá mi dé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì (Houston): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò mi ní Sábó ń sin ajá tà. Ó ní tí mo bá ń bọ̀ nílé lóṣù Kejìlá, kí n mú akọ Alsatian mi wá gun àwọn abo òun. Mo ra páálí àyẹ̀wò DNA, mo fi ọ̀pá òwú nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú, mo fi í ránṣẹ́ sí lábù. Àná ni èsì dé: ẹ̀dà méjì jíìnì SOD1 tó lábùkù, èyí tó lè rọ ajá lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni. Mi ò sùn mọ́jú. Ṣé ká gbà wọ́n gbọ́?

Ẹ̀gbọ́n Manchester: Ìyá Ìbejì, ẹ má sunkún ajá tó wà láàyè. Èsì yìí gan-an ni wọ́n fún mi lórí abo tèmi. Ó ti pé ọdún 11 báyìí. Láàárọ̀ yìí, òun ló kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn dé yàrá mi, tó ń fi ìrù na ilẹ̀kùn. Lábù lè ka jíìnì náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni wàhálà. Ọ̀pọ̀ ajá tó ní ẹ̀dà méjì ni àrùn náà kì í mú títí wọ́n fi kú. Ẹ rántí Petunia, ajá pug ọmọ ọdún 13 tí ìwé ìròyìn Nature kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 2018. Kò rìn dáadáa mọ́, wọ́n ṣe irú àyẹ̀wò yìí, èsì ní ó ní àbùkù jíìnì yìí kan náà, àwọn olówó rẹ̀ sì ní kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ikú. Àwọn onímọ̀ tó kọ ọ́ ní ó lè jẹ́ àìsàn ọ̀pá ẹ̀yìn tó ṣeé wò ló ń ṣe é. Ó dùn mí dọ́kàn.

Àbúrò Dókítà (Toronto): Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mà, ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun nígbà tí ẹ nù ún? Ṣé òun àti ajá mìíràn jọ ń lo abọ́? Itọ́ lè dà pọ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà ajá tún un gbà, kí lábù mìíràn ṣe é. Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀, tó bá gun abo tí jíìnì tirẹ̀ mọ́, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó lábùkù ni ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gbà. Èyí tí mo fi ń bẹ̀ yín ni MDR1, jíìnì mìíràn tí kì í jẹ́ kí àwọn oògùn kan wọ ọpọlọ ajá. Ẹ wò ó nínú èsì náà. Irú ajá tí wọ́n ń pè ní Collie ni àbùkù rẹ̀ pọ̀ jù lára, àmọ́ a ń rí i lára Alsatian. Nílé, wọ́n ń gún ajá ní ivermectin màlúù nítorí eégbọn. Ajá tó lábùkù MDR1, oògùn yẹn á wọ ọpọlọ rẹ̀, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì lè pa á. Ní ti àìsàn egungun ìbàdí tó máa ń ṣe Alsatian, X-ray ni kí ẹ yà. DNA ò lè sọ ìyẹn fún yín.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará ilé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun lóòótọ́, ìrẹsì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. MDR1 rẹ̀ mọ́. Dókítà ajá máa tún un gbà ní Sátidé. Abo mẹ́ta ló wà ní Sábó. Mo ti kọ̀wé sí lábù bóyá wọ́n máa gba tiwọn láti Nàìjíríà.