Mo ń wá ìmọ̀ràn: pátánì bébà tí yóò bá ara àwa obìnrin tí a sanra mu

Abẹ́rẹ́-Ìpẹru
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìpẹru ni mo ń gbé, ó sì ti tó ọdún méjì tí mo ti ń rán aṣọ ara mi nílé. Àyà mi jẹ́ ínǹṣì 50 níbi tí ó ti yọ jù, ìbàdí mi jẹ́ 44, ìdí mi sì jẹ́ 54. Mo ra pátánì kan, bébà tí a ya ẹ̀yà aṣọ sí kí a lè fi gé e, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo mú nọ́ńbà tí wọ́n kọ àyà 50 sí, mo sì fi gé ańkárá ẹgbẹ́ wa tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ohun tí mo rí kò yé mi rárá: èjìká aṣọ náà wọ́ sí mi lápá, ọrùn rẹ̀ ṣí gbàgà, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, síbẹ̀ iwájú fún mọ́ mi lọ́mú, etí ìsàlẹ̀ iwájú sì gòkè ju ti ẹ̀yìn lọ. Báwo ni aṣọ kan ṣe lè tóbi kí ó sì tún kéré lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ jọ̀ọ́, pátánì wo ni ẹ lè júwe fún mi, kí sì ni kí n ṣe sí i kí n tó tún ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ?

Ìyá-Ìbejì (Ìjẹ̀bú-Òde)
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìnáwó ańkárá. Ohun tí ó ṣe yín yìí ti ṣe èmi náà rí, ara yín kọ́ ni ó ní àléébù. Àwọn tí ó ń ya pátánì máa ń ya ìwọ̀n kan ṣoṣo lákọ̀ọ́kọ́, wọn a wá máa fi kún un níbi gbogbo bí nọ́ńbà bá ṣe ń gòkè, títí kan ọrùn àti èjìká. Bẹ́ẹ̀ ẹran ara ni ó ń pọ̀ sí i lára àwa tí a sanra. Egungun èjìká wa kì í gùn sí i. Ẹ tún wo èyí: fún obìnrin tí ọmú rẹ̀ fi ínǹṣì 2 péré ju òkè àyà rẹ̀ lọ, èyí tí àwọn oníkọ́mú ń pè ní B, ni àwọn ilé iṣẹ́ pátánì bíi Simplicity, McCall's àti Butterick máa ń ya èyí tí ó pọ̀ jù nínú pátánì wọn.

Ẹ wọn òkè àyà yín. Ẹ gba téèpù lábẹ́ abíyá, kí ó kọjá lókè ọmú níwájú, kí ó sì fún díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 44, ẹ fi 2 kún un, ẹ mú pátánì tí àyà rẹ̀ jẹ́ 46, nítorí nọ́ńbà yẹn ni èjìká àti ọrùn rẹ̀ yóò bá yín mu. Ínǹṣì 4 tí ó kù kí ó tó 50, iwájú nìkan ni ẹ ó ti fi kún un, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀yìn.

Bàbá-Aránṣọ (Ṣàgámù)
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń fi ínǹṣì 4 náà kún un, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ti máa ń ṣì í: wọn a kàn fẹ ẹ̀gbẹ́ aṣọ síta, ihò apá yóò sì bàjẹ́. Iwájú pátánì jẹ́ ìdajì ara, nítorí náà ínǹṣì 2 ni a ó ṣí i. Ẹ kọ́kọ́ gbé bébà náà lé ara, kí ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí orí ọmú yín bọ́ sí gan-an, torí pé ti ìyá ọlọ́mọ máa ń wá sísàlẹ̀ ju ibi tí pátánì fi í sí lọ. Láti ojú àmì yìí, ẹ fa ìlà kan wá sí etí ìsàlẹ̀, kí ó máa bá àárín iwájú lọ lọ́gbọọgba. Ẹ fa èkejì lọ sí ihò apá, kí ó kàn án ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láti ìsàlẹ̀. Ẹ fa ẹ̀kẹta gba àárín dáàtì ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ibi onígun tí a máa ń ká rán kí aṣọ lè yọ níbi ọmú. Ẹ gé ìlà kìíní àti èkejì pọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ṣùgbọ́n kí ẹ má gé etí ihò apá já, kí bébà náà lè máa yí níbẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí lára férémù rẹ̀. Ẹ wá gé ẹ̀kẹta láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kí ó tó kan orí ọmú.

Bí ẹ bá ti wá fà á sọ́tọ̀ tí àlàfo ibi orí ọmú fi jẹ́ ínǹṣì 2, ẹ ó rí i pé dáàtì ẹ̀gbẹ́ yóò tóbi sí i fúnra rẹ̀, apá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò sì gùn ju apá àárín lọ nísàlẹ̀. Ẹ lẹ bébà sí gbogbo àlàfo náà, ẹ sì fi bébà kún gígùn apá àárín kí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ dọ́gba. Gígùn yẹn ni kò ní jẹ́ kí iwájú aṣọ yín gòkè mọ́. Dáàtì kò gbọ́dọ̀ dé orí ọmú. Ẹ jẹ́ kí ó tán ní ínǹṣì 1½ sí i, kí ó má baà ta ṣóńṣó.

Ọmọ-Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà. Ṣé kò ní rọrùn jù bí àǹtí bá fi pátánì sílẹ̀, kí wọ́n fi fíríhándì gé e bí àwọn ìyá wa ṣe ń gé bùbá? Bùbá kì í fún mi rárá.

Bàbá-Aránṣọ (Ṣàgámù)
Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ dára, fíríhándì náà ni mo fi tọ́ ọmọ. Bùbá gba gbogbo ènìyàn nítorí pé ó fẹ̀, kò sì ní dáàtì. Kabá tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ara níbi ọmú àti ìbàdí kò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ó ń dá rán aṣọ sí ara rẹ̀ nílé, tí kò sí ẹni tí yóò bá a wo ẹ̀yìn. Bébà tí a bá ti tún ṣe dáadáa yóò wà nílé, yóò sì gé aṣọ mẹ́wàá.

Alábẹ́rẹ́-Ìkẹ́nnẹ́
Àǹtí béèrè pátánì tí wọn yóò rà, a kò sì tíì dá wọn lóhùn. Pátánì ilé iṣẹ́ Cashmerette ni mo máa júwe, nítorí pé obìnrin tí ó sanra ni wọ́n dìídì fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń yà á, oríṣiríṣi iwájú sì wà nínú pátánì kan náà fún ìwọ̀n ọmú tí ó yàtọ̀ síra, débi pé iṣẹ́ gígé tí Bàbá ṣàlàyé lè má pọn dandan. Owó òkèèrè ni wọ́n ń gbà. Bí ìyẹn bá ni yín lára, ọ̀fẹ́ ni ti FreeSewing lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ ó tẹ ìwọ̀n ara yín sí i, yóò sì ya pátánì náà fún yín ní ìwọ̀n yẹn.

Níbi tí ẹ bá ti lọ tẹ fáìlì pátánì náà sórí bébà, ẹ sọ fún ọmọ tí ó wà nídìí kọ̀ǹpútà pé kí ó fi sí 100%, kí ó má jẹ́ kí ẹ̀rọ sún un kí ó lè gba ojú bébà. Igun mẹ́rin kan máa ń wà fún ìdánwò. Bí ó bá yẹ kí ó jẹ́ ínǹṣì 4 tí téèpù sì sọ pé 3.8 ni, àyà 50 ti di 47.5 nìyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá àyè ojú rírán, etí tí a fi sílẹ̀ fún rírán, ti wà nínú pátánì pẹ̀lú: àwọn ti Amẹ́ríkà bíi Simplicity máa ń fi ⅝ ínǹṣì sí i, ṣùgbọ́n ti ìwé ìròyìn Burda, ẹ̀yin ni ẹ ó fi kún un.

Màmá-Odògbolú
Ọmọ mi, má fi ańkárá dán an wò mọ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó ni kí o fi rán an lákọ̀ọ́kọ́, èyí tí kì í fà, nítorí pé ańkárá náà kì í fà. Ibi tí o bá ti rí ìlà-ìlà tí ó ń fà, tẹ̀lé ìlà náà. Ibi tí ó forí lé ni aṣọ kò ti tó. Ibi tí aṣọ bá ti ṣẹ́ jọ, ibẹ̀ ni ó ti pọ̀ jù. Jókòó kí o tó wọn ìdí rẹ, torí pé ìdí máa ń fẹ̀ lórí àga. Tèmi fi ínǹṣì 2 ju ti ìdúró lọ. Rẹ ańkárá sómi kí o sì sá a gbẹ kí o tó gé e, kí ó má lọ sún kì lẹ́yìn tí o bá fọ̀ ọ́.

Abẹ́rẹ́-Ìpẹru
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà mi. Òkè àyà mi jẹ́ 44 lóòótọ́. Mo mú pátánì 46, mo ṣí iwájú ní ínǹṣì 2 bí Bàbá ṣe wí, mo sì fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ rán an lálẹ́ àná. Èjìká jókòó sí àyè rẹ̀, etí ìsàlẹ̀ tẹ́jú yíká, mo sì dúró síwájú dígí fún ìgbà pípẹ́, nítorí n kò rí aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán tí ó bá mi mu bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti rí yáàdì mẹ́ta irú ańkárá yẹn ní ọjà Òkè-Àjẹ. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù: apá aṣọ fún mi. Iṣan apá mi jẹ́ 18, ti pátánì sì jẹ́ 17½. Ṣé kí n kàn fẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì síta?

Ìyá-Ìbejì (Ìjẹ̀bú-Òde)
Rárá o, bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, apá náà yóò tóbi ju ihò rẹ̀ lọ. Apá gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ínǹṣì 2 ju ara lọ kí ẹ tó lè lo ọwọ́ dáadáa, nítorí náà 20 ni ẹ ń wá, 2½ ni ẹ ó sì ṣí i. Ẹ gé bébà apá ní àárín láti orí dé ìsàlẹ̀, ẹ tún gé e ní ìbú níbi tí ó bá abíyá dọ́gba, kí ẹ fi etí rẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láìgé já níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá fà á sí ọ̀tún àti òsì. Orí apá yóò lọ sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n gígùn etí tí ẹ ó rán mọ́ ihò apá kò ní yí padà. Ẹ rán ẹyọ apá kan mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà, ẹ gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí ó ń wé gèlè, kí ẹ wá sọ bí ó ṣe rí fún wa kí ẹ tó gé ańkárá.