Jíà ọ́tò àbí mánúà, èwo ló dáa fún fọ́ọ̀-wíìlì tó máa fa tírélà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo wà, àga, kánópì àti jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń háyà fáwọn tó ń ṣe ìnáwó, mo wá fẹ́ ra Hilux tí màá fi máa fa tírélà kékeré tí jẹnẹrétọ̀ wà lórí ẹ̀. Wọ́n ti fi méjì hàn mí, ọ̀kan ọ́tò, ọ̀kan mánúà, owó wọn ò jìnnà síra.

Mẹkáníìkì mi ní kí n má tiẹ̀ wo ọ́tò, pé tẹ́rù bá ti pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ọ́ìlì jíà á máa gbóná, tí jíà ọ̀hún bá fi lè jóná owó tí màá fi ṣe é á fẹ́ẹ̀ tó ti mọ́tò (ẹ ṣáà mọ àwọn mẹkáníìkì wa). Àbúrò mi ní irọ́ ni, ká ṣáà fi kúlà tí á máa mú un tutù sí ọ́ìlì jíà yẹn, pé mánúà gan-an ló máa ń jẹ kílọ́ọ̀ṣì téèyàn bá fẹ́ gbéra lórí òkè. Òun náà ò parọ́. Ṣùgbọ́n ìnáwó Iléṣà pọ̀ lọ́wọ́ mi, òkè ọ̀nà yẹn kì í ṣeré, téèyàn bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, jíà kejì mánúà á dì í mú, bíréèkì ò ní gbóná jù. Ṣé 2 àti L ara ọ́tò, àwọn jíà kékeré tó wà lára ọwọ́ jíà ẹ̀, lè ṣerú iṣẹ́ yẹn? Tó bá di inú ẹrẹ̀ ńkọ́, ṣé 4L, ìyẹn fọ́ọ̀-wíìlì tó ń rọra lọ àmọ́ tó lágbára, nìkan tó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti fa ẹrù rí ni kó dá mi lóhùn, ẹni tó ni mọ́tò ń retí owó ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.