Mo mọ kọ́ọ̀dù, àmọ́ n kò mọ ìgbà tó yẹ kí n yí i

Olùbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi gìtá gbe orin ìbílẹ̀. Kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tí à ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, G, C, D àti Em ti mọ́ mi lọ́wọ́. Àmọ́ bí ẹnì kan bá dá orin tí n kò rí kọ́ọ̀dù rẹ̀ lórí ìwé, ọwọ́ mi á kú sórí okùn. Ìwé tíọ́rì sì ń pá mi láyà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Akọrin: Ṣé o mọ dò-rè-mí? Ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní kíì G, ìyẹn bí orin bá fi ohùn G ṣe ilé, G ni dò. Kọ́ọ̀dù G jẹ́ dò-mí-só, C jẹ́ fá-lá-dò, D jẹ́ só-tí-rè. Kà wọ́n wò: kò sí èyí tó ṣẹ́kù nínú ohùn méjèèje. Gbé gìtá sílẹ̀ ná, fi dò-rè-mí kọ orin náà, kí o máa pàtẹ́wọ́ sí i. Ohùn tí àtẹ́wọ́ bá bọ́ lé ni kí o tẹ̀ lé. Rè? Ta D. Lá? Ta C.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé, mà. Dò ńkọ́? Ó wà nínú G, ó tún wà nínú C.

Ìyá Akọrin: Ta méjèèjì, kí etí rẹ dá ẹjọ́ náà. Tó bá jẹ́ ìparí orin ni, G ló sábà máa ń jẹ́.

Olókùn Mẹ́fà: Òótọ́ ni màmá sọ, àmọ́ àwọn orin àtijọ́ kan wà tí ohùn keje wọn, ní kíì G, kì í gòkè dé F♯ (F tí a gbé sókè díẹ̀), F lásán ni. Bí o bá ta D sábẹ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, ìjà ló máa dá sílẹ̀, torí F♯ wà nínú D. Kọ́ọ̀dù F ni kí o tà níbẹ̀. Em tìrẹ yẹn náà wúlò: òun àti G jọ ní ohùn méjì, ó lè gba ipò G bí orin bá fẹ́ ṣe bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀.

Atagìtá: Má tíì da ara rẹ láàmú pẹ̀lú kíì méjìlá o! Ra kápò, ìyẹn ohun tí a fi ń há gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá. Fi í sí fírẹ́ẹ̀tì kejì (fírẹ́ẹ̀tì ni àwọn ìlà irin tó wà lọ́rùn gìtá), ta G bí o ṣe mọ̀ ọ́n, A ni yóò dún.

Olùbéèrè: Mo ti dán ọ̀kan wò báyìí, D bá rè mu lóòótọ́! Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí mo ń gbè lẹ́yìn máa ń kọrin ní B♭. Ibo ni kápò máa wà?

Atagìtá: Ìkẹta.